Ìyá Tó Pa Ẹ̀rọ Ọlọ Rẹ̀ Nítorí Mọ́tò Wa

Ìdí tí mo fi lọ

Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní físíìsì nílùú Ìwó láyé ọjọ́un, láti ìgbà tí mo ti dé lẹ ti ń bi mí pé kí ni mo rí lọ́hùn-ún. Àwọn kan nínú yín ò tilẹ̀ bi mí. Ẹ kàn ń sọ ọ́ lẹ́yìn mi pé ọmọ mi ti sọ mí di ọlọ́rọ̀ lọ́jọ́ alẹ́. Ẹ ò jẹ̀bi. Màá sọ ohun tí mo rí, ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi lọ ni màá kọ́kọ́ sọ, nítorí ẹni tí kò bá mọ ìyẹn, ìyókù ò ní yé e.

Mọ́tò Píjò ọkọ mi ṣì wà nínú ọgbà wa. Koríko ti hù gba inú bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jáde, abẹ́ rẹ̀ sì ni ewúrẹ́ àwọn aládùúgbò ń bímọ sí. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí kò tíì kúrò lójú kan. Láàárọ̀ ọjọ́ tí àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun ọkọ mi, epo ti wọ́n nílùú, tánkì wa sì ti gbẹ. Mo ràn án lọ́wọ́ jókòó síwájú mọ́tò, mo de bẹ́líìtì mọ́ ọn, mo sì sáré lọ sí ilé epo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ yìí ló dúró tì í lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa. Díákónì ni nínú ìjọ, Bàbá Díákónì ni gbogbo wa sì ń pè é títí dòní. Mo bá ṣéènì lẹ́nu géètì rẹ̀. Ó yọjú láti fèrèsé òkè, ó ní, "Epo ti tán, ìyàwó wa." Jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ń dún lẹ́yìn rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Ọlọ́kadà kan ló bá mi wá epo dé Ilé-Ogbó. Nígbà tó fi gbé kẹ́ẹ̀gì dé, ọkọ mi ti dákẹ́ lórí ìjókòó, bẹ́líìtì ṣì wà láyà rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tú ṣéènì, wọ́n sì ń ta epo.

Ó wá síbi ìsìnkú. Òun gan-an ló gbàdúrà ìparí. Láti ọjọ́ náà, èmi àti ẹ̀ ò sọ̀rọ̀, mi ò sì tún ra epo lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yìn ọ̀kadà ni mo ń jókòó sí lọ sọ́jà bíi ti gbogbo ayé.

Nígbà tí Wálé, ọmọ mi kan ṣoṣo, tó ń ṣiṣẹ́ ní Adis Ábébà lórílẹ̀-èdè Etiópíà, ní òun fẹ́ ra mọ́tò oníná fún mi, mo kọ̀. Ó ní, "Màámi, ṣebí epo lẹ ní ẹ ò rà mọ́. Èyí kì í mu epo." Mo ní ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní: lọ́jọ́ tí mo bá nílò rẹ̀ jù lọ, ṣé kò ní gbẹ mọ́ mi lọ́wọ́ bí ti bàbá rẹ̀ ṣe gbẹ? Ẹni tó ń gbé Ìwó, tó lè má rí iná fún ọ̀sẹ̀ kan, ni yóò wá gbẹ́kẹ̀ lé mọ́tò tó ń jẹ iná? Wálé ní kí n wá wò ó fúnra mi kí n tó kọ̀. Mo gbà. Ìdáhùn ìbéèrè yẹn ni mo wá lọ, mi ò lọ ṣe fàájì.

Mọ́tò tí kò ta

Òtútù ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀. Orí òkè ni ìlú wọn wà, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé bí mo bá gun àkàsọ̀ márùn-ún, màá dúró mí. Ohun kejì tó kí mi ni ìwà àwọn ọmọ wọn. Ọmọbìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí dìde fún mi ní pápákọ̀ òfuurufú, ó tẹ orí ba, ó fi ọwọ́ òsì di apá ọ̀tún rẹ̀ mú, ó sì pè mí ní "Ẹmáámà". Wálé ní ìyá àgbà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Nílé níbí, àwọn ọmọ tí mo fún lóúnjẹ ń kí mi ní òró gangan bí òpó iná.

A wọ mọ́tò. Mo jókòó, mo di bẹ́líìtì, mo ń retí kó ta. Nígbà tí mi ò gbọ́ nǹkan kan, mo bi Wálé pé kí ló dé tí kò ṣíná sí i. Ó ní, "Màámi, a ti ń lọ." Mo wo ìta, òótọ́ ni, igi ń sáré kọjá lára wa. Kò gbọ̀n, kò rùn, kò tu èéfín. Ẹni tó bá ti gun mọ́tò elépo fún àádọ́ta ọdún kì í tètè mọ̀ pé ariwo ni òun ń gùn láti ọjọ́ yìí wá.

A kọjá níbi ilé epo kan. Àwọn mọ́tò tò gùn, tákísí ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn dírẹ́bà gbé orí lé sítíárì. Wọn ò jọ wá lójú, wọn ò jọ wá nírun, ṣùgbọ́n mo mọ ojú yẹn. Ojú ẹni tí kò mọ̀ bóyá yóò kàn án ni. Wálé ní ìjọba wọn ò jẹ́ kí mọ́tò elépo tuntun wọlé mọ́, ìdí nìyí tí oníná fi pọ̀ nígboro bẹ́ẹ̀. Àwa rọra yọ́ kọjá lára ìlà náà. Ojú tì mí díẹ̀, inú mi sì dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí a délé, ó fa wáyà kan tó nípọn lára ògiri, ó kì í bọ ẹ̀gbẹ́ mọ́tò náà, bí ìgbà tí èèyàn fi ọmú sọ́mọ lẹ́nu, ó sì wọlé lọ jẹun. Mo ní kó ṣí iwájú rẹ̀ fún mi. Mi ò bá rédíétọ̀, mi ò bá káábúrétọ̀, kò sí bẹ́líìtì fáànù, kò sí ọ́ìlì tí wọ́n máa yẹ̀ wò. Àyè òfìfo kan ló wà níbẹ̀, ó kó bàtà sí i. Mo rántí mẹkáníìkì wa àtijọ́ kan lọ́nà Ìbàdàn, tó jẹ́ pé bó bá fi ọwọ́ ọ̀tún tún kinní kan ṣe, yóò ti fi tòsì tú òmíràn sílẹ̀ de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ti kọ́ ilé méjì nínú Píjò wa nìkan. Ebi ì bá pa á ní Adis.

Oúnjẹ wọn kò tètè bá mi lára mu. Ínjẹ́rà ni wọ́n ń jẹ ní gbogbo ìgbà, ó fẹ̀ bí atẹ, ó rọ̀ bíi fóòmù, ó sì kan bí ògì tí omi rẹ̀ ti lo ọjọ́ mẹ́rin. Orí rẹ̀ ni wọ́n ń da ọbẹ̀ sí, gbogbo ilé á sì yí i ká. Ata wọn pọ̀. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá Wálé gbà wá lálejò, aya rẹ̀ ń wò mí lójú bóyá yóò ta mí lẹ́nu, mo sì ní kí Wálé sọ fún un pé ọmọ Ìwó ni mí. Bó ti ṣe túmọ̀ rẹ̀, mi ò mọ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín.

Òjò ọjọ́ Jímọ́ọ̀

Mo lo ọ̀sẹ̀ méjì, mọ́tò náà ò dá mi lóhùn ìbéèrè mi. Yíyí ìlú po ò lè dá a lóhùn. Mo sọ fún Wálé pé kó gbé mi lọ sọ́nà jíjìn, ọ̀nà tó tó Ìwó sí Èkó. Ó ní òun ní iṣẹ́ ní Hawásà, ìlú kan létí adágún lápá gúúsù, a ó lọ ní Sátidé. Ó ti wáyà bọ mọ́tò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ́ọ̀, ó ní kó lè yó dáadáa, ó sì lọ kí ọ̀rẹ́ kan.

Kò pẹ́ tó jáde ni òjò ṣú. Mànàmáná kọ, ààrá sán. Ẹ̀yin ará ilé, kí lẹ̀ ń ṣe nílé yín bí ààrá bá sán? Fíríìjì mi àkọ́kọ́ ò kú ikú ara rẹ̀, iná tó ya wọlé lọ́jọ́ òjò ló jó o. Tẹlifíṣọ̀n kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Nítorí náà, mo dìde, mo lọ yí ilé po, mo yọ fíríìjì, mo yọ tẹlifíṣọ̀n, mo yọ áyọ́ọ̀nù. Mo sì da aṣọ bo orí, mo jáde sínú òjò, mo yọ mọ́tò. Mo ká wáyà náà dáadáa, mo gbé e kọ́. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ nípa iná mànàmáná, mo mọ̀ pé ilé ìgbàlódé ní ohun tó ń dáàbò bò ó. Ọwọ́ mi ni kò mọ̀.

Mo sùn. Nígbà tí mo jí, mi ò rántí mọ́.

Àwòrán ìjàpá

Wálé rí i láàárọ̀ pé kò yó, ó wo wáyà tó wà níbi tí mo gbé e kọ́, ó sì ń ráhùn pé ọmọ ọ̀dọ̀ òun ló yọ ọ́. Mo gbọ́, mi ò sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ìyẹn níbí. Ó ní kò burú, pé ẹ̀rọ kan wà nílùú kan láàárín ọ̀nà tó máa ń fún mọ́tò níná kíákíá.

A dé ìlú náà, a bá ẹ̀rọ ọ̀hún, ó dúró sójú kan, kò dáhùn. Ó ti bàjẹ́. Wálé tẹ̀ ẹ́ títí, ó fi ẹsẹ̀ gbá a. A tún ń lọ. Ó pa ohun tó ń fẹ́ atẹ́gùn, ó ṣí fèrèsé, ó ń rìn bí kẹ̀kẹ́ ológeere. Iye iná tó kù, tó ń hàn lójú mọ́tò, ń já bọ́: mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún, méje, márùn-ún. Lẹ́yìn náà ni àwòrán kékeré kan tàn níwájú rẹ̀. Mo tẹ ojú mọ́ ọn. Ìjàpá ni.

Mo ní kí nìyẹn. Wálé ní mọ́tò ló ń sọ pé òun ò lè sáré mọ́.

Oko ló wà lọ́tùn-ún lósì. Mo ti rí ìdáhùn mi. Mo wo ọmọ mi tí òógùn bò, mo wo bẹ́líìtì tó wà láyà rẹ̀. Mo ti múra ohun tí màá sọ: Wálé, mi ò rà. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìró kan láti inú abúlé tó wà lápá òsì, ìró tí ẹni tó bá dàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà kò lè gbàgbé.

Mo ní, "Wálé, ọlọ ń dún. Wò ó, kò sí èéfín. Ọlọ tó ń dún tí kò rú èéfín, iná ló ń lò. Yà síbẹ̀."

Ó yà síbẹ̀.

Tẹ́fù ò ní kú

Búkà páànù kan ni. Obìnrin bí mẹ́jọ jókòó sórí àpò ọkà síwájú rẹ̀. Tẹ́fù ni ọkà náà ń jẹ́, wóró rẹ̀ kò tó ti ìyanrìn, òun ni wọ́n fi ń ṣe ínjẹ́rà. Ìyá ọlọ́lọ fúnra rẹ̀ jáde sí wa, ìyẹ̀fun funfun lójú, nírun, létí. Álímásì ni orúkọ rẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹgbẹ́ mi. Wálé dọ̀bálẹ̀ fún un lójú ẹsẹ̀ bí ọmọ Yorùbá, àwọn obìnrin náà sì pariwo, nítorí wọn ò rí irú rẹ̀ rí. Ó ṣàlàyé. Ìyá náà na ọwọ́ sí ògiri, pé ibi tí iná wà rèé.

Bí Wálé ti ki plọ́ọ̀gì bọ̀ ọ́ ni ọlọ náà sín bí ẹni tí nǹkan há lọ́nà ọ̀fun, ó falẹ̀, gílóòbù sì di pupa. Iná náà ò gbé àwọn méjèèjì. Wálé ní òun máa yọ ọ́, pé kí wọ́n má bínú. Ìyá Álímásì wo mọ́tò, ó wo èmi tí mo jókòó sínú rẹ̀, ó bi Wálé ní nǹkan kan. Wálé ní, "Màámi, ó ń bèèrè ọjọ́ orí yín." Mo ní àádọ́rin lé mẹ́ta. Ó wọlé, ó sì pa ọlọ.

Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Obìnrin kan lórí àpò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, èyí ò sì nílò ògbufọ̀, nítorí irú rẹ̀ wà nílé: a ti jókòó láti àárọ̀, ó wá kù díẹ̀ kó kàn mí. Ìyá Álímásì fún un lésì gbólóhùn kan, àwọn yòókù sì bú sẹ́rìn-ín.

Mo bi Wálé pé kí ló wí.

"Ó ní ìyá arúgbó ló wà nínú oòrùn. Ó ní tẹ́fù ò ní kú."

Mo yí ojú sí oko. Wálé rò pé oòrùn ló ń dà mí láàmú.

Wákàtí mẹ́ta la lò níbẹ̀. Wọ́n yan kọfí lójú wa, wọ́n gún un, wọ́n sè é, wọ́n bù ú lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kẹta ni ìbùkún wà, ẹni tó bá dìde ṣáájú rẹ̀ ti gbé ìbùkún sílẹ̀. Obìnrin tó kùn ni ó gbé ife fún mi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé oúnjẹ dé. Ìyá Álímásì ya ínjẹ́rà, ó fi ká ọbẹ̀ ẹ̀wà wẹ́wẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní lẹ́ńtììsì, ó sì nà án sí mi lẹ́nu.

Mo fà sẹ́yìn. Nílé wa, ọmọ ọwọ́ là ń fi oúnjẹ sí lẹ́nu, tàbí aláìsàn. Wálé yára sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé gúrṣà ni wọ́n ń pè é, pé ẹni tí wọ́n bá ka sí ni wọ́n ń ṣe é fún, àti pé ọwọ́ náà ò ní wálẹ̀ títí màá fi ya ẹnu. Mo ya ẹnu. Ọwọ́ rẹ̀ le bí èèpo igi, ó ń rùn ìyẹ̀fun. Nígbà tí mo jẹ ẹ́ tán, mo ya tèmi náà, mo ká a, mo fi sí i lẹ́nu. Ọbẹ̀ já bọ́ sí i láyà, a sì rẹ́rìn-ín bí ọmọge.

Ibẹ̀ ni mo ti sọ fún Wálé pé èmi ni mo yọ wáyà, pé ààrá ló sán. Ó wò mí. Ó túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Ìyá Álímásì fi etí aṣọ nu ojú, ó ní bí ààrá bá sán, òun náà ń yọ rédíò òun.

Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa. Mo bọ́ ìborùn mi, mo fi sí i lọ́rùn. Kí a tó dé ojú títì, ọlọ rẹ̀ ti tún ń dún.

Ohun tí mo rò títí dé Hawásà

Mi ò ní tàn yín. Wákàtí mẹ́ta la fi ṣe ohun tí epo ìṣẹ́jú márùn-ún ì bá ṣe. Bó bá jẹ́ aláìsàn la gbé, wákàtí mẹ́ta yẹn ti pọ̀jù. Mo rò ó bẹ́ẹ̀, mo sì sọ ọ́ fún Wálé, kò bá mi jiyàn.

Ṣùgbọ́n mo tún rò ó síwájú. Epo, ọwọ́ ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ló wà. Iná, ara ògiri tálákà ló wà, ara búkà ọlọ́lọ. Oòrùn sì wà lórí páànù ilé mi láràárọ̀, mi ò ní tọrọ rẹ̀ lẹ́nu géètì ẹnikẹ́ni. Mọ́tò tó bá ń yó lójoojúmọ́ nínú ọgbà mi, kò sí ìdí tí yóò fi gbẹ láàárọ̀ àyàfi bí èmi bá yọ wáyà rẹ̀. Nígbà tí a rí adágún náà níwájú, mo ti mọ ohun kan tí mi ò mọ̀ fún ọdún mọ́kàndínlógún: tánkì gbígbẹ kọ́ ló pa ọkọ mi. Tánkì lè gbẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ ìrìn-àjò yìí, ó gbẹ lọ́wọ́ èmi gan-an, ìyá ọlọ́lọ sì pa ọlọ rẹ̀ fún mi.

Mo ní, "Wálé, rà á."

Bàbá Díákónì

Mọ́tò náà dé Ìwó nígbà ọyẹ́. Gbogbo yín lẹ rí i, ẹ má wulẹ̀ dibọ́n. Wọ́n to sólà sórí ilé mi, mo sì gbé mọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ Píjò. Àwọn kan ní ohun ìṣeré ọmọdé ni. Àwọn yẹn náà ni mo gbé dé Olúpọ̀nnà nígbà tí epo tún wọ́n, wọ́n sì dákẹ́ sẹ́yìn bí òyìnbó.

Ní ọ̀sán Sátidé kan ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, géètì dún. Bàbá Díákónì ni, òun nìkan, pẹ̀lú ọ̀pá. Ó ti gbẹ. Ó ní òun gbọ́ pé mo dé láti ìrìn-àjò, òun ní kóun wá kí mi káàbọ̀. Oṣù kẹfà tí mo ti dé rèé. Mo ní ẹ ṣeun, sà.

Ó yí mọ́tò náà po, ó ń wá ẹnu tánkì. Mo jẹ́ kó wá a. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, mo ṣí ìlẹ̀kùn kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo fi ojú ihò wáyà hàn án. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó pẹ́. Kò wo Píjò.

Ó ní, "Bí iná bá wá tán lójú ọ̀nà ńkọ́, ìyàwó wa?"

Mo ní, "A máa ń lọ kanlẹ̀kùn ẹni tó bá ní, sà."

Ó gbé ọwọ́ lé orí ọ̀pá rẹ̀. Ewúrẹ́ kan jáde lábẹ́ Píjò, ó gba àárín wa kọjá. Bàbá Díákónì yí padà, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, mo sì rò pé ó parí. Ó dé ẹnu géètì kó tó dúró. Kò kọjú sí mi.

"Ìyá Wálé, epo wà lọ́jọ́ náà."

Mo ní, "Mo mọ̀."

Ó jáde, ó rọra fa géètì dé. Mo dúró níbẹ̀ títí mi ò fi gbọ́ ìró ọ̀pá rẹ̀ mọ́, mo wá fa wáyà lára ògiri, mo ki ẹnu rẹ̀ bọ mọ́tò. Nírọ̀lẹ́, òjò ṣú lápá Olúpọ̀nnà, ààrá sì bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń wo mọ́tò méjèèjì nínú òjò. Mi ò yọ wáyà náà.